Ta Ni Yóò Wẹ Ọmọ Hameedat?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe fìdáù Sàídátù Àbíkẹ́ ní Ìkirè, obìnrin kan wà láàárín èrò tí etí rẹ̀ ń gbóná. Fáìsátù ni, ará Àpòmù, ìyá Abdulwaheed tó fẹ́ Hameedat, ọmọ olóògbé. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ti dìde sọ oore Àbíkẹ́, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún un ni.

Ẹnì kan ní Hameedat ṣì ń wọ́ ìdí nílẹ̀ nígbà tí Àyàndá ọkọ Àbíkẹ́ kú, pé dòdò Ìkirè ni Àbíkẹ́ fi tọ́ ọmọ náà títí ó fi di tíṣà. Òmíràn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ewúrẹ́ pàápàá ń rò ó kó tó jẹ ẹ́, bí Àbíkẹ́ bá ti fi ata àti epo pupa dín in, ọba á sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́ wá tò sórí ìlà. Ẹ̀kẹta ní òun ò rí ọmọ tó ń ké rí tí kì í dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fáìsátù fẹnu sí etí Ọ̀ṣẹ́nì, ọkọ rẹ̀. "Bàbá Waheed, bí èmi náà bá kú, kí ni wọ́n á sọ?"

Ọ̀ṣẹ́nì ń jẹ mọ́sà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ yíjú. "Wọ́n á ní owú ló pa á."

Kì í kúkú ṣe irọ́. Ìdí omi ìwẹ̀ ọmọ ni owú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ọmọ tuntun bá dé, ìyá àgbà ló ń wẹ̀ ẹ́: omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú, òrí, kí a na apá, kí a na ẹsẹ̀, kí a sọ ọ́ sókè kí ó má baà dojo. Ìyá àgbà tó bá wẹ ọmọ, òun ni ọmọ ń mọ̀ lójú. Nígbà tí Hameedat bí Tawheed, àkọ́bí rẹ̀, Fáìsátù ti gbé omi kaná kí àkùkọ Àpòmù tó ronú àtikọ. Omi náà ò tíì hó tí Àbíkẹ́ fi sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, tòun ti báàfù lórí. Láti Ìkirè ló ti ká ìró mọ́ orúnkún wá. Wọ́n ní ó ti sọ ọmọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rántí kí ará ilé.

Kí ni Fáìsátù fẹ́ ṣe? Àna ni. Ẹni tó bá fún ọmọ rẹ láya, orí ìkúnlẹ̀ lo ti ń kí i títí ayé. Fáìsátù kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

"A jọ kú u ni, àna mi. Ẹ bá mi bu omi tútù díẹ̀ lé e."

Bí Fáìsátù ṣe di apọnmi fún ọmọ ọmọ ara rẹ̀ nìyẹn, títí wọ́n fi ṣe ogójì. Nígbà tó kan Qaosarat, ọmọ kejì, Fáìsátù gbọ́n. Ó gbé kànìnkànìn pamọ́ sínú àpò ìrẹsì. Àbíkẹ́ wá a títí, kò rí i, ló bá fa òmíràn yọ nínú ẹrù rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé eku ilé yìí fẹ́ràn kànìnkànìn," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Fáìsátù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rín in.

Àwọn ọmọ dàgbà, "Màmá Ìkirè" ò kúrò lẹ́nu wọn. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, Àbíkẹ́ á dé pẹ̀lú dòdò tó fi ewé pọ́n, wọ́n á sì sáré lọ pàdé rẹ̀ bí ẹni tí kò jẹun láti ọdún iléyá. Nígbà kan, Fáìsátù dín dòdò tirẹ̀. Tawheed tọ́ ọ wò, ó ronú díẹ̀.

"Màmá Àpòmù, ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bù ú fún adìẹ."

Àbíkẹ́ wá kú, Hameedat sì wà nínú oyún. Kí a sọ òótọ́: inú Fáìsátù ń sunkún, ṣùgbọ́n igun kékeré kan nínú rẹ̀ ń jó. Bí wọ́n ṣe ti fìdáù dé, ọjà Àpòmù ló yà sí. Ó ra báàfù tuntun, ó ra òrí, ó ra ọṣẹ, ó ra kànìnkànìn tó lè wẹ gbogbo ọmọ Orílẹ̀-Òwu. Ó ní ẹni tí yóò tún ṣáájú òun dé ìdí omi, à fi bó bá ti ọ̀run wá.

Oṣù kejì lẹ́yìn fìdáù, Hameedat bí obìnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ délé láti ọsibítù, Fáìsátù ti jókòó lórí àpótí, ìró ti wà lórúnkún, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Abdulwaheed ò gbé ọmọ fún un. Ojú ọmọ ló ń wò.

"Màmá, ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń fi ojú kan wo èèyàn."

Ọ̀ṣẹ́nì sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó sì ṣí fìlà. "Yétúndé ni. Àna wa ló dé." Àgbàlagbà ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó kí ìkókó. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn."

Ọwọ́ Fáìsátù ṣì nà sílẹ̀. Obìnrin yìí lọ, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìdí àpótí rẹ̀ tutù kó tó padà. Ó tún ti ṣáájú rẹ̀ dé ìdí omi.

"Ẹ lọ wá ẹlòmíì tí yóò wẹ̀ ẹ́," ló sọ, ó sì fẹ́ dìde.

Kó tó dìde, èrò kan yọ́ wọ inú rẹ̀. Ọdún mélòó ló fi kúnlẹ̀ fún Àbíkẹ́? Òní yìí, Àbíkẹ́ ni yóò sùn gbalaja lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, níhòòhò, láìní eyín kan lẹ́nu. Ó tún jókòó. "Gbé e wá."

Omi kan ọmọ lára, ó figbe ta. Wọ́n ní àwọn tó ń ta iṣu ní Wásinmi ń bi ara wọn pé ta ló kú. Fáìsátù na apá rẹ̀, igbe lé sí i.

"Màmá," Hameedat sọ lórí ibùsùn, "màmá mi kì í fa apá ọmọ báyẹn."

"Màmá rẹ náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ."

Hameedat bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín náà di ẹkún, ó sì fi aṣọ bo ojú.

Ọwọ́ Fáìsátù dúró. Ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún, omi ń tutù lọ. Ó mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́, kò kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Nígbà tó fi ń pọnmi, etí rẹ̀ ò di. Bí Àbíkẹ́ bá ń wẹ ọmọ, ṣe ló máa ń rọra pe oríkì rẹ̀ léraléra, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Oríkì ti èyí ò ṣòro wá. Ṣùgbọ́n Fáìsátù ò fi ẹnu ara rẹ̀ pè é rí. Èèyàn kì í pe orúkọ mọ́ àna rẹ̀ lórí. Ó rọra gbé orí ọmọ lé apá.

"Àbíkẹ́," ló wí.

Ọmọ ṣe òsúkè.

"Àbíkẹ́, rọra. Èmi ni. Èmi tí mo ń pọnmi fún ọ lọ́jọ́sí. Èmi ni eku tó jí kànìnkànìn."

Ọmọ dákẹ́. Ó fi ojú kan wò ó, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fáìsátù fi òrí pa á lára, ó sọ ọ́ sókè, ó hán an, ó sì pọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀yìn gbọin-gbọin. Oorun gbé e lọ.

Kí oòrùn tó yẹ̀, àwọn obìnrin tó ròyìn oore Àbíkẹ́ nídìí fìdáù ti dé láti Ìkirè, wọ́n wá wo Yétúndé. Wọ́n kún pálọ̀, wọ́n ń nawọ́.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ká rí i, Màmá Àpòmù."

Fáìsátù fún ọ̀já ọmọ le sí i.

"Ẹ máa wò ó lẹ́yìn mi níbí. Àbíkẹ́ ń sùn."