Tíṣà Tó Délé Ṣáájú Mi

Wíìgì méjì ni mo ní nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi kò sì fẹ́ràn ìkankan nínú wọn. Ìsẹ́yìn là ń gbé, láyé ìgbà tí bàtà gogoro gbòde. Tíṣà obìnrin tí kò bá dé wíìgì nígbà náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wò ó bí ẹni tó sùn gbàgbé. Èmi kì í sùn gbàgbé. Mo ń kun páúdà, mo ń fín lọ́fínńdà, bàtà mi á sì máa dún kò-kò-kò láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé-ìwé.

"Irun òkú ta lo gbé karí yìí?" ni Ìyá máa ń bi mí. "Ọlọ́hun fún ọ nírun, o tún lọ ra ti ọjà. Ìtẹ́ adìyẹ lèmi ń pè é o."

Òwú ni Ìyá ń ran fún àwọn ọkùnrin ahunṣọ òfì tó wà ní àgbàlá kejì. Àdúrà àti òwú nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìborùn funfun kì í kúrò lórí wọn, n kò sì rí irun wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Bí mo bá fi aṣọ tuntun hàn wọ́n, wọ́n á ní, "Ó dáa o. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n orí ìṣó kan tó ga lára ògiri yàrá ni mo ń fi wíìgì tí n kò bá dé kọ́, kí ọwọ́ wọn má bàa tó o. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ fi dáná.

Nígbà tí ìsinmi ọmọ bíbí parí, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wálé. Ni ọmọ bá kọ oúnjẹ. Tí mo bá ti múra tán láàárọ̀, tí mo fún un lọ́mú kí n tó jáde, ó parí nìyẹn títí n ó fi dé lọ́sàn-án. Ìyá fún un lẹ́kọ, ó tu ú dànù. Wọ́n fún un ní mílíìkì inú ìgò, ó fọwọ́ gbá a. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, pàbó ló já sí. Apá tó rí rọ́bọ́rọ́bọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń rí tín-ín-rín.

Lásìkò ìsinmi nílé-ìwé, abẹ́ igi máńgòrò làwa ìyá ọlọ́mọ máa ń kó ara wa jọ sí. Ọ̀rọ̀ aṣọ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ la fi ń parí. Ọ̀kan ní kí wọ́n máa rọ ọ́ lẹ́kọ, bí wọ́n ṣe rọ òun náà nìyẹn. Òmíràn ní ẹ̀kọ á gba imú rẹ̀ lọ. Tíṣà kan tó dàgbà jù wá lọ ní, "Fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ á máa wà, ọmọ ni kì í dúró deni." Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn bí ojú. Nílé bàbá mi, èmi lobìnrin àkọ́kọ́ tó fi ṣọ́ọ̀kì jẹun. Síbẹ̀, mo pinnu pé tí ọkọ mi bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, n ó sọ fún un pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, omi ọmú rin búláòsì mi nínú kíláàsì. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ hẹdimásítà, mo kọrí sílé. Nígbà tí mo dé ìtòsí, n kò gbọ́ ẹkún ọmọ. N kò gbọ́ ìró òfì pẹ̀lú. Gbogbo àwọn ahunṣọ ti dìde, wọ́n kọjú sí fèrèsé wa, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Àyà mi já. Mo rò pé ọmọ mi ti kú.

Bàbá ahunṣọ kan rí mi, ó na ìka sí ètè. "Ìyàwó, rọra o. Tíṣà ti délé ṣáájú rẹ."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Kò-kò-kò! Ìyá ọkọ mi ló ń ti ẹ̀yìnkùlé wọlé bọ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ ti ògiri nínú ògbólógbòó bàtà gogoro mi. Wọ́n wọ búláòsì mi lé kíjìpá wọn. Wíìgì mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí wọn, páúdà kún gbogbo ìlà ojú wọn, òórùn lọ́fínńdà sì gbalẹ̀ kan. Àpótí tí wọ́n gùn ṣì wà lábẹ́ ìṣó.

Bí ọmọ ṣe gbọ́ ìró bàtà, ó yíjú, ó ń ta ẹsẹ̀, ó la ẹnu.

"Tíṣà dé o," ni Ìyá wí pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. Wọ́n fún un ní ṣíbí ẹ̀kọ kan. Ó gbé e mì! Ó gba òmíràn. Nígbà tó bá gbojú kúrò, wọ́n á dìde pẹ̀lú orúnkún tó máa ń mú wọn kérora bí wọ́n bá ń kírun, wọ́n á jáde, wọ́n á tún máa bọ̀, kò-kò-kò.

Omi dà lójú mi. Ẹnu yà mí, ara mi sì bù máṣọ, bí ìgbà téèyàn ṣèèṣì wọ ibi mímọ́. Ẹni tí kì í ṣí orí sílẹ̀ níwájú mi, ìtẹ́ adìyẹ ló dé lójú àwọn ọkùnrin yìí, kí ọmọ mi lè jẹun. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́ kí ó má bàa dún, mo padà sílé-ìwé.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ìborùn funfun ti wà lórí wọn, wọ́n ń ran òwú. Páúdà díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn.

"Ó jẹun díẹ̀ lónìí," ni wọ́n wí, wọn kò wo ojú mi. "Bọ́ ìtẹ́ adìyẹ yẹn kúrò lórí, kó má dẹ́rù ba ọmọ."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Kí lo ń kúnlẹ̀ fún?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀. N kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fífi sílẹ̀ fún un mọ́, òòlù ni mo ní kó bá mi wá. Mo yọ ìṣó wíìgì kúrò lókè, mo tún un kàn sísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ á ti tó o láìgun àpótí.