Yàrá Ìkọ̀wé Lavinia Thorsby

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Maureen Dowsett fi ṣọ́ ilé ìdáná òkú tí kò mọ̀ rí. Òkú náà ni Lavinia Thorsby, òǹkọ̀wé tó kọ ìwé ìtàn méje kó tó kú lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti sin ín sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Askerby, síbẹ̀ àwọn èèyàn kò yéé wá wo ilé rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mélòó nínú wọn ló ka ìwé kan tán? Ẹ má bi mí.

Yàrá kọ̀ọ̀kan nílé náà ló ní olùṣọ́, ará abúlé tí kì í gbowó. Nítorí pé Maureen ti fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n ní ilé ìdáná ló bá a mu. Ṣùgbọ́n òkè ni ọkàn rẹ̀ wà, ní yàrá ìkọ̀wé, níbi tábìlì kékeré tó wà lójú fèrèsé. Olùṣọ́ ibẹ̀, Hilda Marfleet, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Maureen kò gbàdúrà ikú fún un o; ó kàn máa ń béèrè orúnkún rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí orúnkún náà kọṣẹ́ lóòótọ́, Philippa Garrod ni wọ́n gbé yàrá fún, ẹni tí kò tíì pé ọdún kan tó kó dé láti Lọ́ńdọ̀nù.

Leonard Tuxford, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà, ní, "Ohùn Philippa dùn létí. Ẹ̀yin náà sì mọ ilé ìdáná yín, Maureen."

"Mo mọ̀ ọ́n, bí ìgbín ti mọ ìkarahun."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín àwọn àlejò lókè ti ń gún un lára bí abẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án, Philippa á sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tíì ṣì kù? Èrò yẹn ti gbẹ mí lọ́fun!"

"Ó ti tutù," ni Maureen á wí. Ooru sì ń rú lẹ́nu ìkòkò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, tọkọtaya kan ń gba ilé ìdáná kọjá. Ọkọ béèrè pé, "Òkè ló ti ń kọ̀wé, àbí?"

"Òkè kẹ̀?" Ẹnu Maureen ti ṣí kí orí rẹ̀ tó mọ̀. "Nínú òtútù ilẹ̀ yìí? Ìdí ààrò níbí ló máa ń sá wá. Ẹ ò rí tàdáwà tó dà sórí tábìlì?"

Jáàmù ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì dà á. Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ yà á ní fọ́tò.

Ó dùn mọ́ ọn, ló bá tún un sọ fún àwọn tó tẹ̀lé wọn. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti wọ ìwé ìròyìn. Òkè dá páropáro. Lọ́jọ́ tí Philippa sọ̀ kalẹ̀ tó ní, "Ẹ kúkú ti kó gbogbo wọn lọ," Maureen bu tíì gbígbóná fún un.

Ìgbìmọ̀ wá pè é. Leonard ní, "Ẹ ti là wá lójú. A ó gbé tábìlì òkè wá sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni yàrá ìkọ̀wé báyìí. Ẹni tí yóò ṣọ́ ọ…"

"Philippa ni," Maureen bá a parí rẹ̀.

"Ẹ̀yin á bọ́ sókè. Ṣebí ibẹ̀ lẹ ti ń fẹ́ tipẹ́?"

Maureen ní, "Leonard, irọ́ ni mo pa. Òkè ni Lavinia ti kọ àwọn ìwé rẹ̀. Ó wà nínú lẹ́tà rẹ̀."

Leonard rọra fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀wé tuntun fún àwọn àlejò."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Maureen dúró lókè, àpá ẹsẹ̀ mẹ́rin tábìlì náà nìkan ló kù nílẹ̀. Ohùn Philippa ń gòkè bọ̀: bí yìnyín ṣe bo ilẹ̀, bí Lavinia ṣe ń fi ààrò yá ìka. Maureen kò ronú kan ìka rí. Irọ́ òun náà ni, wọ́n tún ń pa á dáa ju òun lọ!

Obìnrin kan ṣìnà gòkè wá. "Kí ni wọ́n ń ṣe níbí tẹ́lẹ̀?"

"Ibí ló ti kọ ìwé rẹ̀ méjèèje."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó bá ìyàwó kan níbi tó ti ń jowú orogún rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì wá àtẹ̀gùn sísàlẹ̀ lọ.