Ebè àti Poro Inú Ìbọn Ọ̀kẹ́rẹ́

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni bọ̀ọ̀lì kan lásìkò yẹn, tòun tẹ̀pà, nídìí iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà Trade Fair. Òórùn rẹ̀ a gba gbogbo láìnì wa kọjá, a lọ bá òórùn gírísì àti rọ́bà tuntun pàdé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ya tèmi sí méjì ni bọ̀dá oníbéárìn ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi yọ sí mi, àpò sìmẹ́ńtì lábẹ́ abíyá. Ìwọ̀ ẹja, àwọ̀n àti tọ́ọ̀ṣì orí àwọn ọdẹ ni mo ń tà nígbà náà, pẹ̀lú ọta òjé wínníwínní fún ìbọn atẹ́gùn tí wọ́n fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń jẹ ìbẹ́pẹ bọ̀dá yìí tán nílé rẹ̀ ní Raji Rasaki, ló ṣe ra agolo ọta kan lọ́wọ́ mi ní ẹgbẹ̀rún méje.

"Àǹtí oníwọ̀, ayédèrú lẹ tà fún mi!"

Ó pariwo ẹ̀ débi pé àwọn tó ń ra písítìn lódìkejì yọjú. Ó ní òun fi kálípà, irin tó fi ń wọn béárìn, wọn ẹnu ìbọn, òun wọn ọta, ọta tóbi ju ihò lọ. Sáńpépà lòun fi ha wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọlé, síbẹ̀ kò sí èyí tó ba nǹkan kan. "Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún jókòó, ó ń wò mí, ó ń jẹun lọ!" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

Òfin láìnì wa ò gba gbẹ̀rẹ́: ẹni tó bá ta ayédèrú, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Alága wa dé, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Dá owó rẹ̀ padà, kó o sì bẹ̀ ẹ́, kọ́rọ̀ tán. Ẹgbẹ̀rún méje ò lè pa ẹ́."

"Bàbá, owó ò lè pa mí. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló máa pa mí. Tí mo bá bẹ̀ lónìí, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ta ló máa wá ra ìwọ̀ lọ́wọ́ olè lọ́la? Mi ò bẹ̀."

Má rò pé mo mọ nǹkan kan nípa inú ìbọn o. Ẹni tó ń ta kọ́kọ́rọ́ ò mọ yàrá tó máa ṣí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọdẹ tó ra irú agolo yẹn ń padà wá rà á. Mo ní kí wọ́n gbé ìbọn náà wá, ká ti ọta tó ha àti èyí tí kò tíì ha gba inú rẹ̀ kọjá, kójú rí i. Ni bọ̀dá bá ṣí àpò sìmẹ́ńtì.

Alága fò sẹ́yìn. "Ìbọn lo gbé wọjà?"

"Ti ọ̀kẹ́rẹ́ ni, Bàbá."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ló wà níbí?"

Lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé òfìfo ni, bọ̀dá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ọta. Èyí tó fi sáńpépà ha já bọ́ fúnra rẹ̀, ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Èyí tí kò ha mú un làágùn kó tó jáde, àmọ́ nígbà tó jáde, ó ti kọlà yíká gbogbo ara. Mo tan tọ́ọ̀ṣì ọdẹ kan sínú ihò náà. Oko ni mo rí: ebè gún, poro wà láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ ń lọ́ bí okùn. Orí ebè ni kálípà bọ̀dá ti ń wọn ihò, bẹ́ẹ̀ poro ni ọta ń bá ṣiṣẹ́. Òjé rọ̀, ó gbọ́dọ̀ tóbi ju ihò lọ díẹ̀, kó lè fún ara rẹ̀ sínú poro, kí poro yí i bí òkòtó, kó lè lọ tààrà. Bọ̀dá wọn ọta tó kọlà náà láti orí ilà kan dé orí èkejì. Ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú nọ́ńbà ara agolo. Ó tún un wọ̀n.

N ò bá a jà. Nídìí béárìn, ohun tó bá há ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú ìbọn, èyí tí kò há ni kò wúlò. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà.

"Àǹtí, ẹ máà bínú," ó wí jẹ́jẹ́.

Látọjọ́ náà, tẹ́nikẹ́ni bá ní kí n bẹ̀ kọ́rọ̀ lè tán, mo máa ń bi í pé: ọ̀rọ̀ ta ló máa tán? Tèmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ tan iná wo inú ná.

Bọ̀dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ha gbogbo ọta rẹ̀ bàjẹ́ tán, ó ní láti ra agolo mìíràn. N ò dín kọ́bọ̀ fún un. Mo tún fi owó bọ̀ọ̀lì mi tí eèrà ti bò lé e. Ojú alága ló ti kà á sí mi lọ́wọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà.