Ata Màmá àti Ìrẹsì Tó Hu Ebu

Ata tí màmá mi gbìn sẹ́yìn ilé wa ní Effurun, lẹ́bàá Warri, bẹ̀rẹ̀ sí kú lásìkò òjò. Láàárọ̀, ewé rẹ̀ á dúró dáadáa. Tó bá di ọ̀sán, á sorí kọ́. Lálẹ́, á tún nàró bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kò sì ní pẹ́ tí á fi kú pátápátá. A fa ọ̀kan tu. Ìdí rẹ̀ ti jẹrà, nǹkan funfun bí òwú sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn oko rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ata yìí ká mi lára. Látìgbà tí orúnkún ò ti jẹ́ kí màmá lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjà Pessu mọ́ ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ padà sílé, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Wọ́n á tún ní kí àwọn kọ́kọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ata yìí máa já sí ná. Mo wá gbà pé ata yẹn ló dá wọn dúró sí Warri. Tó bá kú tán, màmá lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, Pijin ni wọ́n fi ń dáhùn. Màmá nìkan ló kù tó ń fi oríkì kí mi láàárọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ, ó tán.

Mo bá lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ nípa àrùn irúgbìn. Ó ní ebu kan ló wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ ìdí ata, pé ilẹ̀ tó ń gba omi dúró ló sì bá a lára mu. Ó gbé ìrẹsì inú ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́. Ìrẹsì náà ti hu ebu aláwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Ó ní ebu rere nìyẹn, pé ebu burúkú ni oúnjẹ rẹ̀. Mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó jókòó tì mí wo ọ̀rá náà, ó wò mí, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Màmá ní ṣé mi ò rí oúnjẹ jẹ ni. Mo ṣàlàyé. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn.

“Ìyẹn ni pé èèyàn gbé ọmọọ̀ta sílé kó lè máa bá a lé ọmọọ̀ta?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kò burú, ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Warri nìyẹn.

Wọ́n wá gbé oògùn tó ń pa ebu tí wọ́n rà lọ́jà jáde, pé ká pò ó mọ́ ọn, kí oògùn ran oògùn lọ́wọ́. Mo ní rárá o, ohun abẹ̀mí ni ebu yìí, oògùn yẹn á pa á. A fa èyí tó ti kú tu, a la ojú ibi tí omi máa gbà ṣàn lọ, a po ìrẹsì náà mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, a fi sídìí èyí tó kù àti àwọn tuntun tí a lọ́. Látọjọ́ náà, tí màmá bá ń kọjá níbẹ̀, wọ́n á kí ebu náà kú iṣẹ́.

Ọ̀kan tàbí méjì ṣì kú. Ìyókù dúró, ó so débi pé à ń fún aládùúgbò. Mo ń rìn nínú ilé bí ẹni tó jẹ oyè.

Lọ́jọ́ kan, mo dé, mo bá màmá níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Mo ní kí ló dé, ṣebí ata ti gbádùn.

“Ìdí ẹ̀ nìyẹn,” wọ́n ní. “Ṣé wọ́n ń fi aláìsàn sílẹ̀ lọ ni? Ó ti gbádùn báyìí. Mo lè máa lọ sílé mi.”

Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi wò ó sàn. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn ká aṣọ, ẹkún sì gbọ̀n mí. Wọ́n ní kí n rọra, aṣọ tí àwọn máa wọ̀ délé ni mo fi ń nu ojú yẹn.