Ọ̀bẹ Inú Ìbọ̀sẹ̀

Mo rántí ìgbà tí inú ń bí mi láti àárọ̀ dalẹ́, tí mo sì ń fẹ́ ẹwìrì bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọkọ mi ti kú, mo ti kó àwọn ọmọ mi méjèèjì padà sí agbo ilé wa lẹ́bàá Tchaourou, níbi tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tonton, ló ni àgbẹ̀dẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ gun zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ní Cotonou, tí kò rẹ́ni bá a lu irin mọ́, ó kọ́ mi. Ó kọ́ mi dáadáa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá ti yọ lójú ọ̀nà, màá ju ọmọ owú sílẹ̀, màá sáré padà sídìí ẹwìrì, nítorí obìnrin kì í lu irin lójú ayé nílé wa. Mo rò pé tí mo bá ṣe sùúrù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Tonton yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé alágbẹ̀dẹ ni mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ ò rí i pé mo gọ̀.

Òyìnbó kan wá láti Parakou, ará Scotland, tó ń bá àwọn àgbẹ̀ kajú ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ gbéyàwó. Ó fi fọ́tò ọ̀bẹ kékeré kan hàn wá lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, èèkù rẹ̀ dúdú. Olùkọ́ tó ń túmọ̀ fún un ṣàlàyé pé nílùú wọn, ọkọ ìyàwó a máa wọ yẹ̀rì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a sì ki irú ọ̀bẹ yìí bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Èyí tí bàbá rẹ̀ fún un ti sọnù. A rẹ́rìn-ín títí. Tonton ní, "Bon, kò sí wàhálà. Ọ̀bẹ ṣáà ni."

Wàhálà wà. Ojú Tonton ti ń ṣú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Èmi ni mo gé irin lára résọ̀ mọ́tò àtijọ́, ìyẹn irin tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ láti gbé e ró, èmi ni mo lù ú títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀gá ni láti ti irin gbígbóná bọ omi kí ó lè le. Ó yẹ kí irin pọ́n bí èso kajú kí a tó mú un jáde. Tonton kò rí àwọ̀ mọ́, ó ń dúró títí irin á fi funfun. Èyí àkọ́kọ́ sán nínú omi. Èkejì náà sán. Ó ní irin náà ni kò dára. Ọjọ́ méjì méjì ni mo fi lu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, inú sì bí mi gan-an.

Mo rọ ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Tonton lọ kírun, mo gbé e sínú iná, mo ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀, mo sì tì í bọ inú òrí yíyọ́ dípò omi, nítorí mo rò pé omi ti le jù fún irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Òrí ta sí mi lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀bẹ kò sán. Mo rọra yan án lórí yanrìn gbígbóná kí ó má baà tètè kán, mo fi ìwo màlúù dúdú ṣe èèkù rẹ̀. Nígbà tí Tonton dé, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, ó pẹ́. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ wé e.

Nígbà tí òyìnbó rí i, omi lé sí i lójú. Ó fẹ́ ya fọ́tò ẹni tó ṣe é. Tonton dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó ní, "Ọwọ́ tó ṣe é nìyí." Ó wá yíjú sí mi: "Fẹ́ná díẹ̀ kí fọ́tò lè dára." Mo fẹ́ ẹ. Òyìnbó náà ń wo ọrùn ọwọ́ mi tó bó. Ó sọ̀rọ̀ sí olùkọ́ létí, olùkọ́ sì bi mí, bí ẹni ń bi àǹtí rẹ̀, pé, "Tata, ó ní ta ló ṣe ọ̀bẹ yìí gan-an?" Tonton kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ní, "Tonton ni." Ẹnu èmi fúnra mi ló ti jáde.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ òyìnbó náà bá olùkọ́ wá, ó fẹ́ irú ọ̀bẹ náà. Tonton ní kí wọ́n padà wá ní Sátidé. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó ní, "Lọ ṣe é bíi ti ọjọ́sí."

Mo ní, "Màá lù ú, Tonton. Ẹ̀yin ni kí ẹ tì í bọ omi lójú wọn."

Ní Sátidé, mo dúró sídìí ẹwìrì, mo ń wo irin náà bó ṣe ń kọjá pupa, tó ń di funfun. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ì bá gbà á là. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó tì í bọ omi, gbogbo wa sì gbọ́ bó ṣe sán. Tonton fi ẹ̀mú sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó mú búùtà rẹ̀, ó lọ sílé. Olùkọ́ ló wá ní, "Tata, ṣé ẹ̀yin náà lè gbìyànjú?" Mo rọ òmíràn lójú gbogbo wọn.

Èmi ni mo ni àgbẹ̀dẹ báyìí. Àwọn èèyàn ń gun ọ̀kadà wá láti Bétérou àti Kika. Tonton kò ríran mọ́ rárá, abẹ́ àtíbàbà ìta ló ń jókòó sí, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló ń sọ fún pé, "Èmi ni mo kọ́ obìnrin yẹn." Kò tíì sọ rí pé alágbẹ̀dẹ ni mí. Inú a máa bí mi, màá lu irin kíkankíkan kí n má baà gbọ́ ọ. Òótọ́ ló sì ń sọ. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, títí kan bí a ṣe ń dákẹ́ nígbà tó yẹ kí a sọ̀rọ̀.