Ìyàwó Tí Àlàájì Yúsúfù Fi Sílẹ̀ ní Àríwá

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí ní àárọ̀ tí wọ́n ti ilé-ìwé wa pa ní Jídà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Olùkọ́ ìṣirò ni mí níbẹ̀. Rédíò sọ pé ogun Kùwéètì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí sì ń sáré wá kó ọmọ wọn. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé bọ́ǹbù bọ́ lé wa lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìhà Ríyáádì ni wọ́n ń jù ú sí. Ìbẹ̀rù ló bá àwa: omi inú ike tán ní ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì wọ́n, ariwo ọkọ̀ òfurufú kò sì jẹ́ ká sùn.

Aládùúgbò wa, Àlàájì Yúsúfù, ló bá wa fi téèpù lẹ ojú fèrèsé. Ará Kòríà ni. Iṣẹ́ ọ̀nà títì ló bá wá sí Jídà kó tó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Èdè Lárúbáwá la jọ ń sọ. Ìyá àwọn ọmọ mi bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á ni.

"Mo ti rí ogun rí, Àlàájà," ó ní. "Ní Àríwá Kòríà ni wọ́n bí mi. Nígbà tí ìjà dé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, a ń sá lọ sí Gúúsù nínú yìnyín, a ń jẹ èèpo igi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè rìn. Mo ní kó dúró ti ìyá rẹ̀, mo ń bọ̀ láìpẹ́. Wọ́n wá fi ààlà sáàárín wa."

"Ẹ ò padà mọ́?" mo bi í.

"Kò sí ọ̀nà. Lẹ́tà pàápàá kì í kọjá. Nígbà tó yá, mo fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Gúúsù."

Àwọn ará Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà di ọ̀kan nígbà náà. Mo ní Kòríà ló kàn, kí wọ́n ṣí ààlà kí oníkálùkù máa lọ sílé. Ìyá àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sáà ti di Mùsùlùmí, Àlàájì. Ìyàwó méjì kì í ṣe ẹjọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ háyà ilé ńlá, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó máa sá sí tí wọ́n bá ń jà."

Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èwo nínú wọn ni n ó kọ́kọ́ wò lójú?"

Nígbà tí ogun parí, a jọ lọ ṣe Hájì. Ní ilé tí a wọ̀ sí ní àdúgbò At-Tandabawi níbi Hájì náà, a bá bàbá kan pàdé tó wá láti Ṣáínà, tó ń ta ọjà kọjá ààlà sí Àríwá Kòríà. Ó gbọ́ èdè Kòríà. Ó ní òun mọ ìlú ìyàwó náà, òun lè bá Yúsúfù wá a. Yúsúfù kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

"Ẹ rán an," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ wà láàyè."

"Tíṣà, tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà ní Gúúsù, wọ́n lè fìyà jẹ òun àti ọmọ mi. Bóyá ó ti sọ fún wọn pé mo ti kú. Bóyá ó ti lọ́kọ. Ṣé kí n tún tú ilé rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kejì?"

Ó wá kọjú sí bàbá náà. "Tí ẹ bá rí i, ẹ ta ọjà fún un, ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Ẹ má dárúkọ mi."

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Jídà. A kò tún gbúròó bàbá ará Ṣáínà yẹn mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ Yúsúfù parí, ó padà sí Gúúsù láìmọ̀ bóyá obìnrin náà wà láàyè.

Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ogun, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Kíá ni èmi dá a lábàá pé kí wọ́n ṣí ààlà, kí oníkálùkù máa lọ sílé. Kí ẹ̀yin tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè ẹni tó fi sílẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.