Ìgbá Sísun fún Ọ̀gá Ọkọ Mi

Oúnjẹ kan wà tí mo mọ̀ ọ́n sè dáadáa tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Àwọn ará Íńdíà ló ni ín. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń tà á ní ìlú wọn, bí a ṣe ń ta àkàrà níbí, kí òṣìṣẹ́ lè rí nǹkan fi sẹ́nu kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ bá wa ṣe búrẹ́dì ọlọ́bẹ̀ yẹn." Mo máa ń ṣe é fún wọn, ṣùgbọ́n mi kì í bá wọn jẹ ẹ́. Wọ́n ti bi mí nídìí rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ohun tí mi ò lè la ẹnu sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí.

Kí n tó bí àkọ́bí mi, mo fi ọdún méjì bá ìyàwó ará Íńdíà kan dáná ní Ìkẹjà. Ọkọ màdámù yìí ni ọ̀gá àgbà ní ilé iṣẹ́ aṣọ tí ọkọ mi ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin. Kì í ṣe pé wọn ò rówó rà á, ẹ̀sìn wọn ni. Mo kọ́kọ́ ń ṣàánú wọn. Màdámù rí i lójú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ́ mi ní oúnjẹ yìí. Á sun ìgbá, tòmátì, tàtàṣé àti ọ̀dùnkún òyìnbó lórí iná títí èèpo wọn á fi jóná. Á bó wọn, á gún wọn pọ̀, á wá fi bọ́tà, àlùbọ́sà, ata àti àwọn èlò olóòórùn dídùn tí wọ́n ń kó wá láti ìlú wọn sè é. Búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà yan díẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, màdámù sì ní búrẹ́dì Agége wa ló jọ ti ìlú àwọn jù. Á fi ìka kan tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé ó ti dùn. Nígbà tí mo fẹ́ lọ bímọ, ó fún mi ní agolo kan nínú èlò olóòórùn náà.

Ìgbà tí mo bímọ tán ni SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, wá rinlẹ̀. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ní ká fara dà á, nǹkan á dára. A fara dà á títí aṣọ fi ń bọ́ lọ́rùn wa. Ní ilé iṣẹ́ náà, òwú kò wọlé bó ṣe yẹ, aró kò wọlé, páàtì ẹ̀rọ kò sí. Ọkọ mi á lọ jókòó ti àwọn ẹ̀rọ tó ti kú, á nù wọ́n, á padà wálé. Ọ̀gá ti dá màdámù àtàwọn ọmọ padà sí Íńdíà, òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn máa dín òṣìṣẹ́ kù, pé Mọ́ńdè báyìí ni orúkọ àwọn tó máa ṣẹ́ kù máa jáde. Ọkọ mi kò sùn dáadáa mọ́. Màmá, ìyá tó bí i, ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa tọ́jú ọmọ, gbogbo wa sì wà nínú yàrá méjì ní Agége. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, kò síbi tí a máa yà sí. Gbogbo ilé iṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Ọgbà ló ń lé èèyàn, kò sí èyí tó ń gbà.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ni ọkọ mi wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ọ̀gá béèrè ẹ," ó ní. "Ó ní ṣé o ṣì lè ṣe oúnjẹ tí ìyàwó òun kọ́ ẹ. Ó ní àtìgbà tí wọ́n ti lọ, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun ń jẹ."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kó wá jẹ ẹ́ nílé wa ní Sátidé. Jọ̀ọ́, ìyàwó, ṣe é kó dùn."

Kò sọ pé nítorí Mọ́ńdè ni. Kò sídìí fún un láti sọ ọ́.

Ọ̀gá yìí kì í jẹun nílé òṣìṣẹ́ kankan. Tí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, á wá, á fi ẹ̀bùn sílẹ̀, á ní òun ti yó. "Ẹja" àti "ẹran" ni ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tó kọ́kọ́ kọ́ nígbà tó dé Èkó, kó lè máa tọ́ka sí abọ́ kó sì béèrè. Tó bá gbà láti wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ mi tí ìyàwó rẹ̀ kọ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Sátidé yẹn bọ́ sí ọjọ́ sànítéṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn ní títì títí aago mẹ́wàá. Mo gbé àdògán sí ẹ̀yìnkùlé, mo to ìgbá sórí èédú. Màmá gbé àpótí wọn wá, wọ́n jókòó tì mí.

"Ìyàwó mi, ẹran dà?"

"Wọn kì í jẹ ẹran, Màmá."

"Ẹja ńkọ́?"

"Wọn kì í jẹ ẹ́."

Wọ́n nàka sí ìgbá tó wà lórí iná. "Àgbẹ̀ tí ebi ká mọ́ oko ló ń sun nǹkan jẹ. Ẹni tí oúnjẹ ọmọ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìgbá sísun lẹ fẹ́ fi ṣe é lálejò? Tó bá délé tó ní ẹ ò ka òun sí ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó yẹ kí n dúró ṣàlàyé fún wọn yékéyéké, torí mo mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: obìnrin tó lè febi sùn kí àlejò lè rí ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n mo ka ọ̀rọ̀ wọn sí ọ̀rọ̀ ará oko. Èmi tí mo ti gbé ilé òyìnbó Íńdíà, ojú mi ti là, àbí? Ìgbéraga mi náà wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo bó èèpo kúrò, mo gún wọn, mo sè é. Mo fi ìka kan tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta bíi màdámù, ó dùn bó ṣe yẹ kó dùn. Mo dé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí aago mẹ́wàá ṣe lù, mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Èrò pọ̀ níbẹ̀, torí gbogbo àdúgbò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó ti ń lọ sí aago méjìlá kí n tó padà, òórùn edé ló sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Mo ṣí ìkòkò. Edé lílọ̀ ti hó pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Màmá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mo bá ẹ tún un ṣe. Mi ò fẹja sí i, mi ò fẹran sí i. Edé lásán ni, kó lè ṣeé jẹ lẹ́nu."

Ọ̀rá tí wọ́n ń di edé wọn sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ti ṣófo. Edé tí wọ́n gbé wá láti ilé, tí wọ́n ń ṣún lò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà sínú oúnjẹ ọ̀gá ọmọ wọn.

Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi rí. "Màmá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kírun, tí ẹnì kan bá fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí oúnjẹ tiyín, tó ní kó lè dùn ni ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá."

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run jẹ́jẹ́. Mo gbé ìkòkò náà láti lọ dà á nù. Mo gbé e ní tòótọ́, mo ti dé etí gọ́tà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi níwájú ilé: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ wọlé, sà." Ìgbá ti tán. Èédú ti ń kú. Ohùn ọkọ mi ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tí tíṣà fẹ́ nà. Mo dúró síbẹ̀, mo ro Mọ́ńdè, mo sì gbé ìkòkò padà.

Ọ̀gá bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Mo gbé abọ́ àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀. Ó tọ́ka sí i, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni ń fi mí ṣeré.

"Ẹran?"

"Rárá, sà."

"Ẹja?"

"Rárá, sà."

Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ó jẹun, ó ń mirí. Ó ní kí n bu sí i, mo bu sí i. Ọkọ mi jẹ tiẹ̀, ó fi búrẹ́dì nu abọ́. Kò fura sí nǹkan kan, torí lẹ́nu tiẹ̀, oúnjẹ tó bá ti ní edé ló pé. Ọ̀gá wá nuwọ́, ó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àtìgbà tí òun ti dé Nàìjíríà, ilé wa nìkan lòun ti jẹun tọ́kàn òun balẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní ìlú wọn. Màmá fa ẹsẹ̀ wọn sábẹ́ ìró. Màmá tí kì í fi ìròyìn pa mọ́, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni lágboolé pé òyìnbó kúnlẹ̀ síwájú àwọn.

Ní Mọ́ńdè, orúkọ ọkọ mi wà lára àwọn tó kù. Ó gbé mi sókè nínú yàrá, ó ní, "Oúnjẹ rẹ ni!" Ẹkún ni mo bú sí, ó rò pé ti ayọ̀ ni. Bóyá ọ̀gá ti kọ orúkọ náà sílẹ̀ kó tó wá jẹun. Mi ò ní mọ̀ láéláé.

Ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ní òun tún ń bọ̀. Mo ra ìkòkò tuntun. Màmá ò sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé rárá, inú yàrá ni wọ́n jókòó sí. Mo sun ìgbá, mo sè é bí màdámù ṣe kọ́ mi gan-an, kò lábùkù kankan. Ọ̀gá jẹ ẹ́ tán. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ dùn jù ú lọ. Kí ni mo fi sí tọjọ́ yẹn?

Mo ní mi ò rántí.

Ó fa ìwé kan yọ lápò, ó ní kí n fara balẹ̀ rántí, kí n kọ ọ́ fún òun. Ó ti sọ fún màdámù nínú lẹ́tà pé èmi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ju olùkọ́ mi lọ, màdámù sì fẹ́ mọ ohun tí mo fi kún un. Mo gba bírò. Mo kọ ìgbá, mo kọ tòmátì, tàtàṣé, ọ̀dùnkún òyìnbó, àlùbọ́sà, bọ́tà, títí kan iye ìgbà tó yẹ kéèyàn yí i lórí iná. Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó ká a, ó fi í sápò àyà rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, ọ̀gá ti padà sí ìlú wọn, Màmá ti lọ. Tí mo bá ti ń sun ìgbá fún àwọn ọmọ mi báyìí, màdámù ni mo máa ń rò. Mo máa ń rò ó pé ó ń ṣe gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀, ó ń fi ìka kan tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ rẹ̀ ń sọ fún un pé kò dùn tó ti Agége, màdámù sì ń rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa mọ́.